Ọ̀kẹ́ Méjìlá Ọ̀rọ̀

"Glenda! Ṣé o fẹ́ kí irun yìí fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọnú àpò ni?"

Trevor ló ń pariwo látorí pẹpẹ àwọn olùrẹ́run. Ó fi orókún méjèèjì há àgùntàn mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ ń kùn lọ́wọ́ rẹ̀. Irun àgùntàn mẹ́ta ló ti jọ síwájú Glenda, ìyàwó rẹ̀, lórí tábìlì, kò sì fọwọ́ kan ọ̀kankan. Fóònù ló ń wò. Ó kà á tán, ó tún padà sókè, ó tún un kà, àfi bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n fi ẹ̀tàn pa mọ́ sí.

"Ìyáàfin Pascoe," bí lẹ́tà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, "mo ti ka orí mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí ìwé kan ti gbé mi lọ́kàn tó báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Mo rí i lórí fọ́ọ̀mù yín pé ọ̀kẹ́ márùn-ún ọ̀rọ̀ ni, ìwọ̀n tí à ń wá gan-an nìyẹn. Èmi ni Imogen Vella, olóòtú."

Ẹni tó bá mọ̀ pé ọdún mẹ́sàn-án ni Glenda fi kọ ìwé yìí á rò pé ṣe ni yóò fò sókè. Kò fò. Ìwé náà kì í ṣe ọ̀kẹ́ márùn-ún. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ni ọ̀kẹ́ kan, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ọ̀kẹ́ méjìlá ni ìwé Glenda. Kọ̀ǹpútà ló kà á, kì í ṣe ènìyàn.

Ẹ má pè é ní òpùrọ́ o. Ní gbogbo agbègbè Hamilton, bí Glenda Pascoe bá ti fi òǹtẹ̀ rẹ̀ sára àpò irun pé irun àtàtà ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó ń rà á kì í já a wò. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti wà nídìí tábìlì yìí, òun ló ń sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára, ẹnikẹ́ni ò sì tíì dá àpò kan padà fún un. Fọ́ọ̀mù ló kó bá a. Ilé ìtẹ̀wé náà máa ń ṣílẹ̀kùn fún òǹkọ̀wé tuntun tí kò ní aṣojú, ọjọ́ Ajé kan ṣoṣo lóṣù, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àpótí kékeré kan wà lórí fọ́ọ̀mù náà tó ń béèrè pé ọ̀rọ̀ mélòó ni ìwé yín. Glenda kọ òótọ́ sí i. Àpótí náà di pupa fòò: kò gbà ju ọ̀kẹ́ mẹ́fà lọ. Ó pa á rẹ́, ó tún kọ òótọ́. Ó tún di pupa. Aago márùn-ún ni wọ́n máa ti ilẹ̀kùn, ó sì ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ni ọ̀rẹ́ wa bá kọ ọ̀kẹ́ márùn-ún, àpótí sì gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ohun tó sọ fún ara rẹ̀ ni pé àwọn atẹ̀wé kì í dáhùn kí oṣù mẹ́fà tó pé. Òmíràn ò tilẹ̀ ní dáhùn títí ayé. Kí wọ́n tó rántí òun, òun á ti gé e kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n fi dáhùn. Ẹ gbà mí o!

Nígbà tí agogo tíì lù, Trevor na ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́, ó gbé ife méjì, ó wá bá a.

"Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Wọ́n fẹ́ ìwé mi."

"Wọ́n fẹ́..." Ọkùnrin náà gbé ife kalẹ̀. "Ìwọ obìnrin yìí! Nítorí ìyẹn lo ṣe fajú ro bí ẹni tí àgbò tọ̀ sí lára?"

"Ọ̀kẹ́ márùn-ún ni mo pè é fún wọn."

"Ó wá jẹ́ mélòó?"

"Méjìlá."

Trevor rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lẹ́sẹ̀. "Wọ́n ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n. Tìẹ ti kún agbọ̀n, ó ti kún ilé, ó ti wá ń dà sójú títì. Wò ó, sọ lẹ́tà rẹ̀ di wínníwínní, kí o fún àwọn ìlà náà pọ̀. Ojú ìwé á dín."

"Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń kà, Trevor, wọn kì í ka ojú ìwé."

"Ó dáa, gé e. Ìwọ tí o ń ṣe èyí láràárọ̀?" Ó nawọ́ sí irun tó tẹ́ sílẹ̀ lórí tábìlì, etí rẹ̀ yíká kún fún ìgbẹ́ àti ẹ̀gún. "O kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Fàyà, dànù. Fàyà, dànù. Mo ti rí ọ tí o fa ìdajì irun àgùntàn ya, tí àgbẹ̀ tó ni ín fẹ́ sunkún."

"Irun nìyẹn."

"Ìwé ńkọ́?"

Glenda mu tíì rẹ̀ tán, ó padà sídìí iṣẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà àti ti ọjọ́ kejì, bó ṣe dé láti ibi iṣẹ́ ló jókòó ti kọ̀ǹpútà ní ilé ìdáná. Ó yọ òjò. Ó yọ ìran bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọgbà yíká oko. Ó yọ ìyá àgbà kan tó wá kí wọn lórí kẹrin, tí kò tún padà wá mọ́. Trevor jókòó lódìkejì, ó fi gíláàsì sójú, ó ń ka àwọn ojú ìwé tó ti tẹ̀ jáde.

"Òjò yìí ṣì ń rọ̀ ní ojú ìwé kọkànlélógójì. Ṣé Nóà wà nínú rẹ̀ ni?"

"Mo ní mo ti yọ ọ́."

"Èyí tó rọ̀ ṣáájú lo yọ. Òmíràn rèé."

Nígbà tó fi máa di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọ̀rọ̀ ló ti kúrò. Ó ku ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́rìndínlọ́gọ́fà kó tó dé ibi tí fọ́ọ̀mù ń fẹ́. Bí ẹni tó ń fi ṣíbí gbọ́n odò ló rí.

Ohun tó mú ìwé náà gùn, àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n, ẹnu ni wọn ò fẹ́ là. Glenda ní àbúrò ọkùnrin kan, Russell. Ọdún kan péré ló fi jù ú. Ní ọdún 1986, nígbà tí Russell pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, katakata dojú dé e lórí òkè tó wà lẹ́yìn oko bàbá wọn. Aago méjì ọ̀sán ló ṣẹlẹ̀, aago márùn-ún kọjá kí aládùúgbò kan tó rí i. Dókítà ní kò kú lójú ẹsẹ̀. Glenda ló yẹ kó gbé tíì lọ bá a ní aago mẹ́ta. Eré bọ́ọ̀lù àwọn ọmọbìnrin ló lọ gbá nílùú, ó ní bí òùngbẹ bá gbẹ Russell, á sọ̀ kalẹ̀ wálé. Ẹnikẹ́ni ò bá a wí, kò sẹ́ni tó tilẹ̀ mẹ́nu bà á, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù.

Nínú ìwé, Alby ni orúkọ àbúrò yìí. Ìtàn oko wọn ni, láti ayé bàbá àgbà, títí dé orí òkè yẹn. Ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Ṣùgbọ́n ìyá Glenda wà láàyè, Merle Hocking, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, tí ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, tó ń gbé ní ilé àwọn àgbàlagbà ní ìgbẹ̀yìn ìlú. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Glenda á lọ ka ohun tó kọ lọ́sẹ̀ náà fún un. Ìyá kì í pe ọmọ inú ìwé ní Alby. Russell ló ń pè é. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí ìtàn dé ibi katakata, arúgbó náà di ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, "Má jẹ̀ẹ́ kó pa á, Glenda." Ojú ìwé tí ọmọkùnrin náà ti kú wà nínú báàgì Glenda. Kò lè yọ ọ́ jáde. Ó pa irọ́ kan lójú ẹsẹ̀, ó ní katakata dojú dé lóòótọ́, àmọ́ Alby ti fò bọ́ sílẹ̀. Ìyá mí kanlẹ̀. Ó ní, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Ọdún márùn-ún ni "lẹ́yìn náà ńkọ́" ti ń lọ. Alby fẹ́ ọmọ apẹja kan láti Portland. Ó bí ọmọ mẹ́ta. Ó ra ajá kan tí kò mọ àgùntàn yàtọ̀ sí òkúta. Ó du ipò káńsẹ́lọ̀, ìbò mọ́kànlá péré ni wọ́n fi jù ú. Bí ọ̀kẹ́ mẹ́fà ṣe di méjìlá nìyẹn.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ náà, Glenda lọ jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́yìn ilé ìrẹ́run, ó ti ilẹ̀kùn, ó pe ilé ìtẹ̀wé náà ní Melbourne.

"Imogen ni mò ń bá sọ̀rọ̀ bí?"

"Èmi ni. Ìyáàfin Pascoe! Inú mi dùn. Ojú ọ̀nà ìwé yín ni mo ń wò."

"Glenda ni kí o máa pè mí. Mo purọ́ fún yín."

"Irọ́ wo, mà?"

"Ìwé náà kì í ṣe ọ̀kẹ́ márùn-ún. Ọ̀kẹ́ méjìlá ni. Fọ́ọ̀mù yín ò gbà á, mo bá kọ ohun tí yóò gbà."

"Háà. Ẹ̀yin nìkan kọ́. Oṣù tó kọjá, ẹnì kan pe tirẹ̀ ní ọ̀kẹ́ mẹ́rin. Nígbà tó dé, mo rò pé wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù ilé wá fún mi ni. Àmọ́ irú àwọn bẹ́ẹ̀ kì í pè láti sọ. Àwa la máa ń rí i, a ó sì dá a padà láìkà á."

"Kí ló burú nínú kí ìwé gùn? Àwọn ìwé gígùn wà nílé mi. Ẹ̀yin náà lẹ tẹ̀ ẹ́."

"Àwọn tó kọ ọ́ ti lórúkọ, mà. Ká ní ìwé kẹta yín nìyí, mi ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ wò ó báyìí: ẹnì kan wọ ilé ìtàwé ní Ballarat. Ó rí ìwé tó nípọn bí odidi búrẹ́dì, tó wọ́n ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì tíì gbọ́ orúkọ Glenda Pascoe rí. Kí ni yóò ṣe? Á gbé e padà sórí pẹpẹ. Àwọn tó ń bá wa tajà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá lè sọ pé ọ̀kẹ́ méjìlá níbi ìpàdé tí a ti ń yan ìwé, wọn ò ní ṣí i wò rárá. Ìwé ẹlòmíràn ni wọ́n á gbé."

"Ó ti parí nìyẹn."

"Mi ò wí bẹ́ẹ̀ o." Ohùn ọmọbìnrin náà yí padà, ó wá dà bí ohùn ènìyàn tó ń bá ojúlùmọ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lónìí. Màá kà á lópin ọ̀sẹ̀, fúnra mi, kì í ṣe fún ilé iṣẹ́. Mi ò ṣèlérí nǹkan kan."

Glenda fi ránṣẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi dé, ó lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ka ibi tí ajá yẹn ti lé àgùntàn wọ inú odò, tó sì sá lọ. Ìyá rẹ́rìn-ín títí tó fi ń húkọ́. Glenda ò sọ fún un pé ẹnì kan ń ka ìwé náà ní Melbourne.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Imogen pè. Glenda ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé.

"Mo kà á tán," ni ọmọbìnrin náà wí. "Mo sunkún lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní ìbéèrè kan, ẹ má bínú sí mi. Katakata yẹn, lójú ìwé 388. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́, ṣé Alby fò bọ́ sílẹ̀?"

Aṣọ ìtẹ́sùn tó wà lọ́wọ́ Glenda bọ́ sílẹ̀. "Kí lo rí tí o fi béèrè?"

"Láti ojú ìwé kìn-ín-ní, orí òkè yẹn ni gbogbo wọn ń lọ. Mo mọ̀ pé ó máa kú, ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì lè gbé ìwé náà sílẹ̀. Nígbà tó wá fò bọ́, inú mi dùn fún un. Ṣùgbọ́n kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ sí i mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó dùn ún kà o, mo fẹ́ràn ajá yẹn. Àmọ́ ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan ń ṣọ́ ọ kí ohunkóhun má bàa ṣe é. Ìwé náà parí sórí òkè, mà."

"O fẹ́ kí n pa á."

"Mo ka iye rẹ̀. Bó bá parí síbẹ̀, kò pé ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ó ku díẹ̀. Mo lè gbé ìyẹn wọlé ìpàdé, mo sì lè jà fún un. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìpàdé. Kó wà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

"Ọmọdé ni ọ́," ni Glenda wí, ó sì pa fóònù. Ó gbá apẹ̀rẹ̀ aṣọ nípàá, apẹ̀rẹ̀ náà fò lọ sábẹ́ igi lẹ́mọ́ọ̀nù. Inú ń bí i burúkú. Ohun tó bí i nínú jù ni pé òótọ́ ni ọmọ náà sọ.

Trevor gbọ́ gbogbo rẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́. Ó gé ẹran rẹ̀ sí wẹ́wẹ́.

"Sọ fún un pé rárá. Jẹ́ ká lọ tẹ̀ ẹ́ fúnra wa ní Warrnambool."

"Ta ni yóò kà á? Ìwọ àti Màmá."

"Èmi ò tilẹ̀ tíì kà á tán."

"Mo mọ̀." Ó fi àmúga rẹ̀ sílẹ̀. "Mo fẹ́ kí àwọn tí kò mọ̀ mí rí kà á, Trevor. Kí ẹnì kan wọ ilé ìtàwé kó sì gbé e. Ó ń wù mí débi pé ojú ń tì mí. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí, kò sí ohun tó tíì wù mí báyìí rí."

"Gé e, kí o fi ránṣẹ́. Màmá ò ríran. Kí o máa ka tàtijọ́ lọ fún wọn, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀?"

"Nọ́ọ̀sì á ra ìwé náà, á kà á sí wọn létí. Tàbí wọ́n á gbọ́ ọ lórí rédíò. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ọ̀kan tí mo pa ti tó mi."

"Ṣé o máa sọ fún wọn ni?"

"Màá kà á fún wọn."

Trevor wò ó, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Láàárọ̀ kùtùkùtù ni Glenda ń jí kọ̀wé, kí ọkọ̀ tó gbé àwọn olùrẹ́run lọ. Ó wá ojú ìwé àtijọ́ tó ti fi pa mọ́ láti ọdún márùn-ún, ó kà á, kò sì dára. Ó ti yára jù, ẹni tó kọ ọ́ fẹ́ sá kúrò níbẹ̀ ni. Ó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, nǹkan kan wọlé tí kò rò tẹ́lẹ̀, ó kàn rí i pé ọwọ́ òun ń kọ ọ́ ni, kò sì dá a dúró. Ojú ìwé mọ́kànlá ni nígbà tó parí. Kò fi han Trevor.

Ọjọ́ Ìsinmi, òórùn ẹran àgùntàn sísun àti ewé míńtì ṣì wà ní gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tó dé ilé àwọn àgbàlagbà. Ìyá rẹ̀ jókòó sójú fèrèsé, oòrùn ń ta sí i lórókún.

"O pẹ́," ni Merle wí. "Mo ti bá ọ jẹ púdìn rẹ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, Màmá. Ẹ ti ń gbẹ jù tẹ́lẹ̀."

"Ó ti dé ibo? Ṣé wọ́n ti rí ajá yẹn?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ kan." Ó sọ fún un. Ó sọ ti fọ́ọ̀mù, ti irọ́ tó pa, ti ìwé tó nípọn bí búrẹ́dì, ti ojú ìwé 388. Kò fi ohunkóhun pa mọ́. Arúgbó náà ń gbọ́, ó ń fi àtàńpàkò ra etí aṣọ rẹ̀.

"Ọmọ kan ní Melbourne ló ní kí o pa ọmọ mi."

"Kì í ṣe ọmọ yín, Màmá. Alby ni."

"Má sọ mí di dìndìnrìn. Ojú mi ló fọ́, kì í ṣe orí mi." Ó yí ojú sí fèrèsé. "O ti kọ ọ́, àbí?"

"Mo ti kọ ọ́."

"Ó wà nínú báàgì yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kà á."

Glenda yọ ọ́ jáde. Ó gbé ìwé náà lé orókún. Ó ka bí ilẹ̀ ṣe tutù lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, bí ọmọkùnrin náà ṣe ń fi ohùn burúkú kọrin lórí katakata, bí táyà ẹ̀yìn ṣe yọ̀. Ìyá rẹ̀ ò mira. Glenda ń kà á lọ. Ọmọbìnrin kan gbé fìlásì tíì gun òkè. Ó ti kọ̀ láti lọ síbi eré bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà nítorí pé orúnkún ń dùn ún. Ó rí katakata. Ó sáré. Kò lè gbé e, agbára ènìyàn kan ò ká a, ó jókòó sínú koríko tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọmọkùnrin náà béèrè bóyá ṣúgà wà nínú tíì náà. Ó ní ta ni wọ́n yàn sí iwájú fún bọ́ọ̀lù ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọbìnrin náà sọ fún un. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò já mọ́ nǹkan, títí tí ẹnì kan ṣoṣo fi kù tó ń sọ̀rọ̀.

Ó ti kà á tán. Lókèèrè, ẹnì kan ń to àwo ní ilé ìdáná.

"Ta ni ọmọbìnrin yẹn?" ni Merle béèrè.

"Èmi ni."

"Ìwọ ò sí níbẹ̀."

"Mi ò sí níbẹ̀, Màmá." Ọdún tó ti ń gbé e kiri, ó ti lé ní márùndínlógójì, kò sọ ọ́ síta rí. "Bọ́ọ̀lù ni mo lọ gbá. Èmi ló yẹ kí n gbé tíì lọ. Bí mo bá gbé e lọ ní aago mẹ́ta..."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò sọ ọ́ rí."

"Kí ni n bá sọ? Ìwọ wá bi mí léèrè nínú ilé ìdáná, o ti wọ aṣọ bọ́ọ̀lù rẹ. O ní, 'Màmá, tíì Russell ńkọ́?' Èmi ni mo ní kí o máa lọ. Mo ní èmi á gbé e lọ. Mo wá lọ sùn díẹ̀." Omi bọ́ lójú arúgbó náà, kò nù ún. "O ti gbàgbé. Mo ń retí kí o rántí ní gbogbo ọdún yìí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé o máa rántí."

Glenda na ọwọ́, ìyá rẹ̀ sì gbà á.

"Tún un kà," ni Merle wí. "Láti ibi tí o ti jókòó sínú koríko."

Glenda tún un kà. Lọ́tẹ̀ yìí ètè ìyá rẹ̀ ń mira tẹ̀ lé e, bí ẹni tó ń kọ́ àdúrà sórí. Nígbà tí ó parí, arúgbó náà fi aṣọ ìnujú nu ojú rẹ̀ dáadáa, ó fun imú, ó sì gbéra jókòó.

"Fi ránṣẹ́ sí wọn. Èyí tó kú, kí wọ́n máa mú un lọ ní Melbourne, kí gbogbo ayé kà á. Ó dára. Ó dára ju èyí tó ń du káńsẹ́lọ̀ lọ, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀." Ó gbé ìka sókè. "Àmọ́ èyí tó wà láàyè, tèmi nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ ka iye ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. O gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

"Ó dáa. Níbo la dé?"

"Mi ò mú ìyẹn wá. Èyí nìkan ni mo mú dání."

"Ṣé o ò lẹ́nu ni? Sọ ọ́ fún mi."

Glenda kó ojú ìwé mọ́kànlá náà padà sínú báàgì. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé títí orókún rẹ̀ fi kan ti ìyá rẹ̀.

"Láàárọ̀ ọjọ́ kan," ó ní, "Russell wo dígí, ó rí i pé irun iwájú orí òun ti ń pá."